Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ BtuB yìí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa ṣe sẹ́mínà lórí àwọn púrótéènì tó ń gbé nǹkan gba awọ ìta bakitéríà E. coli kọjá, ibì kan sì ṣì rú mi lójú.

OmpF, ọ̀kan lára wọn, kò le fún mi. Mẹ́ta ló máa ń so pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan dà bí agbọ̀n tí kò nídìí, tí wọ́n fi okùn púrótéènì 16 hun. Ampicillin, oògùn tó ń pa bakitéríà, ń yọ́ gba ibẹ̀ wọlé. Vancomycin, oògùn mìíràn tí mólékù rẹ̀ tóbi, tó tó nǹkan bí 1,450 dalton (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn mólékù), kò lè gbabẹ̀.

BtuB, èyí tó ń gbé fítámì B12 wọlé, ló ń dà mí láàmú. Okùn 22 ni tirẹ̀, àmọ́ èdìdì kan dí inú rẹ̀ pa. Fítámì B12 á bà lé e lókè, púrótéènì mìíràn tó ń jẹ́ TonB á nawọ́ láti awọ inú, á fa èdìdì náà. Mo fi ike omi àti ìdérí rẹ̀ ṣàpèjúwe fún ọ̀rẹ́ mi, ó ní, "Bí wọ́n bá ṣí i, ṣé gbogbo nǹkan kò ní ya wọlé ni?" Ẹnu mi wọhò.

Ṣé odindi èdìdì náà ló ń jáde ni, àbí apá kan rẹ̀ ló ń tú? Àpèjúwe wo lẹ̀ ń lò fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín?