Ta ní ń darí ìrànwọ́ nígbà tí àjálù bá dé?

Ìbéèrè: Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Haiti lọ́jọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2010, àìmọye àjọ ló ya wọ Port-au-Prince, olú ìlú rẹ̀. Ta ní ń pín iṣẹ́ fún wọn, níbo sì ni owó àkọ́kọ́ ti ń wá?

Èsì 1: OCHA, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń ṣètò ìrànwọ́ pàjáwìrì, ni. Láti ọdún 2005 ni wọ́n ti ń pín iṣẹ́ sí ìsọ̀rí: UNICEF ń darí ọ̀rọ̀ omi, WHO ń mójú tó ìlera. CERF, àpò owó pàjáwìrì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2006, ti máa ń ní owó nílẹ̀ kí àjálù tó ṣẹlẹ̀, kò sì ní láti dúró de ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwó.

Èsì 2: Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé inú ọgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú, ni ọ̀pọ̀ ìpàdé ti wáyé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn, láàárín àwọn tó ń sọ Kreyòl, èdè àwọn ará Haiti. Ẹni tó mọ ilé tí arúgbó wà àti kànga tó ti dí, ẹnu géètì ló dúró sí.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun, mà. Ṣé CERF kì í fún ẹgbẹ́ irú àwọn ará ìlú bẹ́ẹ̀ lówó ni?

Èsì 2: Kì í ṣe tààrà, ọmọ mi. Àwọn àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló ń gbà á, àwọn ni yóò wá fún ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ nínú rẹ̀.