Gígun Òkè Ìdànrè pẹ̀lú ajá nígbà òjò

Ọmọ Àkúrẹ́ béèrè:
Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ó wù mí láti mú ajá mi, Alsatian onírun dídì kan, gun Òkè Ìdànrè nínú oṣù Keje yìí, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ kò ṣeé gbára lé: oòrùn á mú ganrínganrín ní àárọ̀, kí a tó jẹun ọ̀sán òjò á ti ṣú. Ṣé kí n dúró di ìgbà tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ ni, àbí mo lè lọ báyìí?

Ará Odòde dáhùn:
Ẹ lè lọ báyìí bí ẹ bá lè tètè jí, nítorí pé òjò alárá ti apá ọ̀dọ̀ wa sábà máa ń dé lọ́sàn-án tàbí nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti yan ilẹ̀ dáadáa. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ó sì ní ibi ìsinmi, nítorí náà òun kọ́ ni ìṣòro. Ìṣòro wà lókè, níbi tí ẹ ó ti máa rìn lórí àpáta lásán láti ààfin àtijọ́ lọ sí ibi tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ Agbóògùn. Lẹ́yìn òjò, ohun aláwọ̀ ewé kan máa ń wà lára àpáta níbi tí omi bá ti ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń yọ̀ bí ilá, èékánná ajá kò sì lè dì í mú. Ẹ fi ọwọ́ di okùn ajá mú. Ẹ má ṣe wé e mọ́ ọrùn ọwọ́, nítorí pé bí Alsatian bá yọ̀ ṣubú, yóò fà yín lọ.

Bí atẹ́gùn tútù bá ṣàdédé fẹ́ láti ìlà-oòrùn, tí ìkúùkù dúdú sì ń ti ibẹ̀ bọ̀, ẹ má wulẹ̀ ya fọ́tò mọ́. Bí mànàmáná bá kọ, tí ẹ sì gbọ́ àrá kí ìṣẹ́jú àáyá 30 tó pé, kò jìnnà sí yín tó kìlómítà 10 nìyẹn. Ẹ kúrò lórí àpáta gbalasa, ẹ má sì sá sábẹ́ igi kan ṣoṣo.

Dókítà Ẹranko dáhùn:
Mo fara mọ́ ohun tí ẹni ìṣáájú sọ, ṣùgbọ́n ooru ni èmi ń bẹ̀rù ju òjò lọ. Ajá kì í làágùn bí tiwa. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni òógùn díẹ̀ ti ń jáde, mímí hẹlẹhẹlẹ ni ó fi ń tu ara rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, itọ́ ẹnu rẹ̀ kì í tètè gbẹ, ara kò sì ní tù ú, èyí ni pé ọjọ́ tí oòrùn kò yọ rárá ṣì lè ṣe ajá onírun dídì léṣe. Bí itọ́ rẹ̀ bá ń fà, tí ẹran ìdí eyín rẹ̀ pọ́n, tí kò sì lè dúró dáadáa mọ́, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi lásán sí i ní ikùn àti abíyá, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí oòrùn bá yọ, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àpáta: bí ẹ kò bá lè fi síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 7, yóò jó ajá náà lẹ́sẹ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ wo àárín ọmọ ẹsẹ̀ àti inú etí rẹ̀ fún eégbọn.

Ọmọ Ìdànrè dáhùn:
Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ afinimọ̀nà kí ẹ tó mú ajá gòkè, nítorí pé ìlú àwọn baba ńlá wa ni òkè náà, àwọn ibi kan sì wà níbẹ̀ tí a ṣì ń bọ. Ọ̀pọ̀lọ́ kan tún wà níbẹ̀ tí a kò rí níbòmíràn ní gbogbo ayé. Ó lé ní ogójì ọdún tí àwọn onímọ̀ kò fi rí i mọ́, títí wọ́n fi tún bá a pàdé ní 2013. Orí àpáta tí omi ń ṣàn lé nígbà òjò gan-an ni a ti ń rí i. Ajá tí kò sí lókùn yóò lé e. Bí ó bá sì gbé e sẹ́nu, ó lè pa ohun tí kò ní àfirọ́pò, oró ara ọ̀pọ̀lọ́ sì lè ṣe ajá fúnra rẹ̀ léṣe.

Ọmọ Àkúrẹ́:
Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé àwọn ọkọ̀ èrò tó ń lọ sí Ìdànrè máa ń gbé ajá?

Ará Odòde:
Awakọ̀ lè gbà, èrò ni kò ní gbà, pàápàá bí ajá náà bá tóbi. Ẹ sanwó gbogbo ìjókòó ẹ̀yìn, kí ẹ sì ti bá awakọ̀ ṣàdéhùn àbọ̀ kí ó tó já yín sílẹ̀, nítorí pé ajá tí òjò ti pa, kò sí ẹni tí yóò fẹ́ gbé e.