Ìmọ̀ràn lórí títọ́jú ìtàn Airtrans, ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Dallas/Fort Worth ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin tí ẹ nímọ̀ nípa ìtọ́jú ohun àtijọ́, mo kí yín o. Bàbá kan tí ó ti ṣiṣẹ́ àtúnṣe lára Airtrans kó àwọn àwòrán, ìwé ìlànà àtúnṣe àti téèpù fídíò rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ọdún 1974 ni ọkọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí ó ń fi táyà rọ́bà rìn lórí ọ̀nà kọnkéré tirẹ̀ láti ilé ìwọkọ̀ kan sí òmíràn, títí Skylink, ọkọ̀ tuntun mìíràn tí kò ní awakọ̀, fi gba ipò rẹ̀ ní 2005. Ohun tí ó jọ mí lójú jù ni pé kì í ṣe èrò nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ó wà fún ẹrù, lẹ́tà àti pàǹtí pẹ̀lú, iṣẹ́ ẹ̀yìn ilé tí àwọn arìnrìn-àjò kì í rí.

Lójú tèmi, ohùn bàbá náà ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ gbà sílẹ̀, nítorí pé ìwé kì í sọ ọgbọ́n tí òṣìṣẹ́ máa ń dá nígbà tí ọkọ̀ bá kú sójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n téèpù ń bàjẹ́ lọ. Èwo ni kí n fi ṣáájú? Ǹjẹ́ mo lè gbé ìwé ilé-iṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba àṣẹ? Ṣé ilé ìkàwé ìlú tàbí mùsíọ́mù ni yóò lè tọ́jú wọn dáadáa jù?