Ọmọ yín tí kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kí lẹ ṣe fún un?

Ìyá Àkànní, Ìpakodò: Ọmọ ọdún 6 ni tèmi, ó ní Down syndrome, ipò kan tí wọ́n ń bí mọ́ ọmọ, tí ara rẹ̀ máa ń rọ̀, tí nǹkan sì máa ń pẹ́ yé e. Ó ti lé lọ́dún 2 kó tó rìn. Ó ń rìn o, àmọ́ bó bá dé ìdí gọ́tà iwájú ilé wa, ó parí. Á di ìró mi mú, á máa wo omi. Físíò, ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara ní ọsibítù, ní kó máa fi ẹsẹ̀ kan dúró. Kí n tó ka 2, ó ti bọ́ sílẹ̀.

Ìyá Bọ́lá, Ágríìkì: Súwè ni tèmi o. Ọmọ ọdún 9, ẹ̀kọ́ kì í tètè wọ̀ ọ́ lórí. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fi ṣọ́ọ̀kì fa ilé súwè sórí simẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló kọ́kọ́ ń fi wọlé, mo di ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì mú. Ó di ọwọ́ kan. Ó wá ku ìka mi kan ṣoṣo. Ìka yẹn, oṣù 3 gbáko! Lọ́jọ́ kan mo rọra yọ ọ́, kò mọ̀, ó ṣáà ń fò lọ. Ibi tí mo ti ń wò ó, ọbẹ̀ jóná.

Bàbá Kẹ́mi: Súwè kọ́, físíò ni. Eré ọmọdé lásán.

Sàídì Oníkẹ̀kẹ́: Kí ni físíò ń ṣe tó ju kó ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan fò? Owó ló fi jù ú.

Mọ̀ńbé, Èbúté: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ìyá ọkọ mi wá bá mi wẹ ọmọ. Ara ọmọ rọ̀ bí ẹ̀kọ tí ò tíì dì, Down lòun náà. Wọ́n fi òrí ra á, wọ́n nà án, wọ́n jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní ara yẹn á le. Mo sọ fún físíò, ó dìde lórí àga! Ó ní nínú àwọn ọmọ Down, oríkèé egungun ọrùn 2 àkọ́kọ́ lè dẹ̀. Kí a má jù ú rárá, kó má sì ta òkìtì àfi bí dókítà bá yẹ ọrùn wò.

Ìyá Ìbejì: Yéè! Wọ́n ju tèmi náà.

Sàídì Oníkẹ̀kẹ́: Gbogbo wa ni wọ́n jù, ọrùn wa ò ṣẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ọrùn tìẹ le, a rí i nínú ọ̀rọ̀ ẹ.

Ìyá Àkànní: Mọ̀ńbé, báwo lẹ ṣe wá sọ fún màmá?

Mọ̀ńbé: Ọkọ mi ni mo tì síwájú. Ọjọ́ 2 ni wọn ò bá wa sọ̀rọ̀. Nísinsìnyí, àwọn gan-an ló ń ká ọ̀já sílẹ̀ gbọọrọ kí ọmọ máa rìn lórí ẹ̀, àwọn á dúró sí ìparí tàwọn ti àkàrà: “Tẹ̀ẹ́! Tẹ̀ẹ́!”

Arábìnrin Ìyanu: Ẹ gbé e lọ sórí òkè àdúrà.

Sàídì Oníkẹ̀kẹ́: Ẹni tí ò lè fo gọ́tà ni yóò gun òkè?

Nọ́ọ̀sì Sábó: Ẹ yẹ ojú àti etí wọn wò pẹ̀lú. Ojú, inú etí àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń jọ sọ fún ọpọlọ ibi tí ara wà. Ẹ bọ́ bàtà wọn bí ilẹ̀ bá mọ́. Special Olympics, ìdíje eré ìdárayá fún àwọn tí ẹ̀kọ́ kì í tètè yé, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1968, ní eré fún ọmọ ọdún 2 sí 7, irú nǹkan wọ̀nyí náà ni: rírìn lórí ìlà, fífò, gbígbá bọ́ọ̀lù.

Ìyá Àkànní: Ó dúró lónìí! Àbúrò ẹ̀ ló ń kà á, ó ní 7, ṣùgbọ́n ó ka 4 lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá Kẹ́mi: Ilé mélòó ni súwè ń ní ná?

Ìyá Bọ́lá: 8.

Sàídì Oníkẹ̀kẹ́: Irọ́! Tiwa ní Ìta Ẹlẹ́wà, 10 ni.