Àbọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ àlejò wa: ọjà Olúwo la lọ

Ẹ kú àdúrótì o. Lóṣù tó kọjá ni mo béèrè ohun tí a lè ṣe fún àwọn olùkọ́ tó ti Jámánì àti Íńdíà wá sí yunifásítì wa, kó má tún jẹ́ ijó wíwò nínú gbọ̀ngàn lásán. Ẹ̀yin tí ẹ ní ká kó wọn lọ sọ́jà ẹja Olúwo l'Ẹ̀pẹ́, Ọlọ́run á bù kún yín.

Inú bọ́ọ̀sì la ti kọ́ wọn ní "Ẹ kú ọjà o" àti bí wọ́n ṣe ń nájà. Olùkọ́ kan láti Íńdíà ná ẹja àrọ̀ títí ìyá ẹlẹ́ja fi ní, "Ọmọ mi, máa gbé e lọ." Ó tún fún un ní èènì!

Lẹ́yìn náà la se ìkọ́kọrẹ́. Àwọn fúnra wọn ló rin ewùrà (ẹ fi epo pa ọwọ́ kí ẹ tó rin ín, ó máa ń yúnni), wọ́n ń bù ú sínú ọbẹ̀ ní ṣíbí-ṣíbí. Wọ́n fẹ́ tètè rò ó, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó dì ná.

Èyí tó wú mi lórí jù: àwọn náà gbé oúnjẹ ilé wọn wá, àwa náà jẹ ẹ́. A ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti rí ìdáhùn mi, ẹ ṣeun gan-an.