Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìwé ẹ̀rí A+, CCNA àbí Security+ fún tíṣà tó fẹ́ bọ́ sídìí iṣẹ́ network?

Olùbéèrè, Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà físíìsì ni mí, mo sì ti lé lógójì ọdún. Mo fẹ́ bọ́ sídìí iṣẹ́ network (síso kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra) tàbí ìtọ́jú kọ̀ǹpútà nílé iṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní kí n san ₦850,000 fún oṣù mẹ́fà: A+ (àtúnṣe kọ̀ǹpútà), Network+ àti CCNA (network), Security+, CEH àti CISSP (ààbò kọ̀ǹpútà), gbogbo ẹ̀ pọ̀, àwọn á sì fún mi ní "international certificate" níparí. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni mo ń ṣíwọ́, Sátidé sì ṣófo. Láptọ́ọ̀pù mi ní RAM 8GB. Ṣé kí n sanwó yìí? Bí kò bá sì dáa, èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Switch, Ìkẹjà

Tíṣà, ẹ má tíì sanwó o. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta ló ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí yẹn. Oríṣi méjì ló wà, àwọn tó ń polówó sì máa ń lọ́ ọ pọ̀ mọ́ra. Ọ̀kan ni ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ tẹ̀, pé ẹ wá sí kíláàsì. Èkejì ni èyí tí CompTIA (àwọn tó ni A+, Network+ àti Security+), Cisco (tó ni CCNA) tàbí ISC2 (tó ni CISSP) ń fún ẹni tó bá yege nínú ìdánwò tiwọn, tí à ń ṣe lábẹ́ Pearson VUE, iléeṣẹ́ tó ń ṣètò ìdánwò. Èkejì yìí ni agbanisíṣẹ́ lè yẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá òótọ́ ni.

Ẹ wá béèrè bóyá owó ìdánwò wà nínú ₦850,000 yẹn. CCNA nìkan, 300 dọ́là ni. Ìdánwò méjì ni A+ jẹ́, Core 1 àti Core 2, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ máa sanwó wọn. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí i pé owó yẹn ò lè gbé ìdánwò gbogbo wọn, ká má tíì sọ owó olùkọ́.

Ti CISSP ló ń bí mi nínú jù. Ẹni tó bá ti fi ọdún 5 ṣe iṣẹ́ ààbò, ó kéré tán ní ẹ̀ka méjì nínú mẹ́jọ, ni ISC2 ń fún. Dìgírì kọ̀ǹpútà tàbí èyí tó jọ ọ́ lè bá yín yọ ọdún kan kúrò níbẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá yege láìní ìrírí yìí, Associate ni wọ́n á máa pè é. CEH náà ń kọ́? Bí ẹ ò bá gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ẹni tí EC-Council, àwọn tó ni CEH, fọwọ́ sí, wọ́n á béèrè ìrírí ọdún 2 lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó ṣe ìdánwò. Kò yẹ kí wọ́n máa fi irú èyí fa ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́ra.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Òótọ́ lẹ sọ, sà. Tíṣà, iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, kẹ́ ẹ tó mú ìwé ẹ̀rí. Ẹ ṣí ìkéde iṣẹ́ bíi ogún tó wà ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Èkó, kẹ́ ẹ sàmì sí ohun tí wọ́n ń béèrè. Bó bá jẹ́ Windows, printer, àti ká máa dá àwọn òṣìṣẹ́ lóhùn tí kọ̀ǹpútà wọn ò ṣiṣẹ́, A+ ló bá a mu. Bó bá jẹ́ router (ẹ̀rọ tó ń so network kan mọ́ òmíràn), switch (èyí tó ń so àwọn ẹ̀rọ inú network kan pọ̀), tàbí àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, CCNA ni.

Ẹ má sanwó Network+ àti CCNA pọ̀ o, ohun tó wà nínú wọn fara jọra gan-an. Security+ lè dúró títí dìgbà tí ẹ bá mọ bí network ṣe ń rìn. Kò sí bí ẹ ṣe máa dáàbò bo ohun tẹ́ ẹ ò mọ ojú ọ̀nà rẹ̀. Ní ti ẹ̀kọ́ A+, Network+ àti Security+, fídíò Professor Messer wà lórí YouTube látòkè délẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Èmi ò fara mọ́ ọn kí wọ́n fo A+, mà. Ẹni tí kò tíì tú kọ̀ǹpútà rí, tí kò mọ RAM yàtọ̀ sí SSD, CCNA á ṣú u lójú.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ́ ni mo ní kí wọ́n fò. Owó ìdánwò rẹ̀ ni wọ́n lè fi sílẹ̀ bó bá jẹ́ pé network ni wọ́n ń lọ. Ẹni tó ń kọ́ọ̀yàn ní físíìsì á tètè mọwọ́ rẹ̀.

Olùbéèrè, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun gan-an. Network ló wù mí, ẹ jẹ́ á fi CCNA ṣe é. Báwo ni mo ṣe máa kọ́ ọ láìsí router nílé? Mo sì gbọ́ pé àwọn kan ń ta ìbéèrè ìdánwò.

Bàbá Switch, Ìkẹjà

Ẹ forúkọ sílẹ̀ ní Cisco Networking Academy, kẹ́ ẹ gba Packet Tracer, ètò tó ń ṣe bíi router àti switch lórí láptọ́ọ̀pù, ọ̀fẹ́ ni, 8GB yín sì tó o. Ẹ wá fi iléèwé yín gan-an ṣe àwòṣe. Ká ní yàrá kọ̀ǹpútà ní ẹ̀rọ 50, ọ́fíìsì tíṣà ní 20. Ẹ mú 192.168.10.0, kẹ́ ẹ gé e sí ìpín mẹ́rin, ìyẹn /26. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì 64. Ẹ yọ ti network fúnra rẹ̀ àti ti broadcast (èyí tí à ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan) kúrò, ó ku 62, ó sì gba ẹ̀rọ 50 yẹn. Yàrá kọ̀ǹpútà wà ní VLAN 10 (VLAN ni network tí a yà sọ́tọ̀ lórí switch kan náà), láti .0 dé .63, gateway rẹ̀, ìyẹn àdírẹ́sì router tí wọ́n ń gbà jáde, ni .1. Ọ́fíìsì wà ní VLAN 20, láti .64 dé .127, gateway rẹ̀ ni .65. Switch kan, router kan, wáyà kan láàárín méjèèjì. Lórí router, ẹ ṣí g0/0.10 àti g0/0.20 (ojú g0/0 kan náà tí a pín sí méjì), kẹ́ ẹ kọ encapsulation dot1q 10 sí ti àkọ́kọ́, dot1q 20 sí ìkejì, kẹ́ ẹ tó fún wọn ní àdírẹ́sì pẹ̀lú 255.255.255.192.

Ibi tó ti máa ń dàrú rèé. Bí àwọn ẹ̀rọ VLAN 10 bá ń rí ara wọn, tí wọn ò rí VLAN 20, ẹ wo ojú port tó lọ sọ́dọ̀ router lórí switch: àfàìmọ̀ kó má jẹ́ access (tó ń gbé VLAN kan ṣoṣo) lẹ fi sí dípò trunk (tó ń gbé VLAN púpọ̀). Ẹ tẹ show interfaces trunk, bí port yẹn ò bá sí níbẹ̀, ẹ ti rí i. Bí trunk bá dáa, ẹ wo g0/0 fúnra rẹ̀. Títì ni ojú router Cisco máa ń wà látilẹ̀, àfi kẹ́ ẹ kọ no shutdown. Bí ìyẹn náà bá pé, ẹ wo gateway tẹ́ ẹ kọ sórí kọ̀ǹpútà, torí ẹ̀rọ VLAN 20 tó bá ní .1 ò lè jáde. Bó bá sì jẹ́ DHCP, tó ń pín àdírẹ́sì fún àwọn ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, lẹ lò, tí kọ̀ǹpútà wá gba àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, a jẹ́ pé kò rí DHCP rárá nìyẹn. Níparí, ẹ kọ copy running-config startup-config. Lórí router gidi, ohun tẹ́ ẹ ò bá fi pa mọ́ báyìí, bíná bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn, àwa sì mọ bíná ṣe ń lọ tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kẹ́ ẹ tún un ṣe láìwo ìwé. Kẹ́ ẹ tún mọ̀ọ́mọ̀ ba ibì kan jẹ́, kẹ́ ẹ fi ojú ìdánwò wá a.

Ní ti ìbéèrè tí wọ́n ń tà, expo ni, ẹ má fọwọ́ kàn án. Cisco lè gba ìwé ẹ̀rí padà, wọ́n sì lè lé èèyàn kúrò nínú ìdánwò wọn. Bẹ́ẹ̀, ọ̀gá tó bá gbé switch síwájú yín níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò á mọ̀ kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ní ti àkókò: wákàtí kan àbọ̀ lójúmọ́, Mọ́ńdè sí Fúráídè, pẹ̀lú wákàtí 4 ní Sátidé. Wákàtí 11 àbọ̀ lọ́sẹ̀ nìyẹn, oṣù mẹ́fà á súnmọ́ 300. Ibi tí máàkì pọ̀ sí ni kẹ́ ẹ ti lo ọ̀pọ̀ rẹ̀: IP connectivity kó 25 nínú ọgọ́rùn-ún, network fundamentals àti network access kó 20 lọ́kọ̀ọ̀kan. Subnetting, ìyẹn gígé network sí wẹ́wẹ́, lẹ máa ṣe lójoojúmọ́ títí ọwọ́ yín á fi yá, nítorí ìṣẹ́jú 120 péré ni ìdánwò náà, ẹ ò sì lè padà sórí ìbéèrè tẹ́ ẹ ti kọjá.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Wọ́n lè ṣe ìdánwò náà nílé, ṣùgbọ́n mi ò ní gbà wọ́n níyànjú. Kámẹ́rà á máa wò yín, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá sì já, ìdánwò lè bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ lọ sí ibùdó ìdánwò. Orúkọ tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti páásípọ́ọ̀tù mu, orúkọ ìdílé níbi orúkọ ìdílé. Ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó mú ọjọ́, torí lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ti ń dá èèyàn padà, owó ò sì ní padà. Bẹ́ ẹ bá fìdí rẹmi, ó di lẹ́yìn ọjọ́ 5 kẹ́ ẹ tó tún ṣe é, ẹ ó sì san owó tuntun. Bẹ́ ẹ bá yege, ọdún 3 ló máa lò.

Olùbéèrè, Abẹ́òkúta

Olúwa á bù kún yín. Bí mo bá ṣì nílò olùkọ́ ńkọ́?

Bàbá Switch, Ìkẹjà

CCNA nìkan ni kẹ́ ẹ sanwó rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ní kí wọ́n fi router àti switch gidi hàn yín kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ ka iye èèyàn tó ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní kí olùkọ́ fi ìwé ẹ̀rí CCNA tirẹ̀ hàn yín, kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá ní owó ìdánwò wà níbẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sórí rìsíìtì, pẹ̀lú ọjọ́ tí voucher (kóòdù tí à ń fi san owó ìdánwò) máa kú. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ lọ sí Computer Village níbí, kẹ́ ẹ ra switch Cisco 2960 tòkunbọ̀ kan àti wáyà console, èyí tí à ń fi so láptọ́ọ̀pù mọ́ switch láti darí rẹ̀. Ẹ má gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìtan án: ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ show version lójú yín, kẹ́ ẹ fi láptọ́ọ̀pù dán gbogbo ojú port rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ní password tẹ́nì kankan ò mọ̀, ìyẹn ò ba nǹkan jẹ́. Ẹ ó di bọ́tìnì Mode mú bó ṣe ń tàn, ẹ ó sì yọ ọ́.