Newt mi ń bó lára, nǹkan bí òwú sì wà nídìí ìrù rẹ̀: kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin newt, ẹran kékeré inú omi tó jọ alángbá. Mẹ́ta ni mo ní, irú èyí tí ikùn wọn pupa, nínú táǹkì lítà 60. Ó tó ọjọ́ márùn-ún báyìí tí nǹkan funfun bí òwú ti yọ nídìí ìrù ọ̀kan, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń bó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń bọ́ awọ, wọn a tún jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n odindi ló máa ń bọ́, bí ìgbà téèyàn bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Èyí ò rí bẹ́ẹ̀. Kò jẹun mọ́, orí òkúta ló ń wà, kò fẹ́ wọ omi rárá.

Ara mi ni mo fura sí. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, omi ẹ̀rọ tó ní chlorine, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, ni mo fi fọ fóòmù asẹ́ omi. Ó jọ pé mo pa àwọn bakitéríà inú rẹ̀ tó ń mú ammonia, májèlé tó ń wá látinú ìgbẹ́ wọn, kúrò, torí mo yẹ omi wò, ammonia ti wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ 0 ló yẹ kó jẹ́. Omi náà tún gbóná tó 25°C, ó pọ̀ jù fún wọn. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni mo ń pààrọ̀ lójoojúmọ́ báyìí.

Ṣé èbu ni, àbí ammonia ló jó o lára? Mo ti yà á sọ́tọ̀ sínú ike. Bí mo bá fẹ́ fi omi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́, gíráàmù mélòó sí lítà kan, fún ìṣẹ́jú mélòó? Ẹ̀rù ń bà mí, torí awọ yẹn náà ni wọ́n fi ń mí. Ẹni tó bá ti wo irú rẹ̀ sàn rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.